Nọ́ńbà Méjìlá

"Ẹ wo nọ́ńbà méjìlá!" Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan pariwo lórí àga onígbàjámọ̀ ní Powis Street nílùú ọba. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ló ń wò lórí fóònù. "Ìdíje ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gbẹ́ni ti sọ bọ́ọ̀lù nù tó ogún ìgbà. Ó kú iṣẹ́! Ó ga bí òpó iná, àmọ́ kò tanná fún ẹnikẹ́ni."

Gbọ́láhàn tó ń gẹ irun rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Uncle, kí wọ́n kúkú dá olódo yẹn padà sílé."

Dẹ́rẹ́bà dìde fùú. "Ta lò ń pè ní olódo?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń bú u láti àárọ̀!"

"Èmi ni mo bí i!"

Ó já aṣọ ọrùn rẹ̀ dànù, ó sì jáde sí ìgboro tòun ti irun àbọ̀.