Olùkọ́ Tó Ń Fi Fóònù Bẹ Ọmọ Wò

Olùkọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìkà. Kò kàn fẹ́ kí ohunkóhun yọ òun lẹ́nu ni, nítorí náà ó máa ń sọ pé ohun gbogbo dára. Bí òrùlé bá ń jò, á ní kò séwu. Bí ọmọ bá ń sunkún, á ní kò séwu. Báyìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Kò-séwu, òun náà sì ń fi ẹ̀rín jẹ́ ẹ.

Kò-séwu ló ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe níléèwé rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lára wọn tí kò lè fi ẹnu sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Àwòrán ni wọ́n fi ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀: bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á fa àwòrán ife yọ, bí ariwo bá pọ̀ jù fún un, á fa àwòrán ilẹ̀kùn yọ, obìnrin olùrànlọ́wọ́ tó ń jókòó tì í á sì mú un bọ́ síta kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Sùúrù ni obìnrin yìí fi kọ́ ọ. Lílo àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọmọ náà lára ni iléèwé gba ọlidé gígùn.

Ọlidé kò sọ pé kí iṣẹ́ Kò-séwu dúró. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ sílé àwọn ọmọ yìí, kó rí i pé ohun tí wọ́n ti kọ́ kò fò lọ lórí wọn, kó sì kọ ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kí iléèwé tó wọlé. Ìjábọ̀ yìí ni ọ́fíìsì fi ń pín àwọn olùrànlọ́wọ́, nítorí wọn kò kárí. Ọmọ tí nǹkan le fún jù ni wọ́n ń fún.

Orí àga gbọọrọ, níwájú fáànù, ni Kò-séwu ti lo ọlidé tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pe aránṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ wa ńkọ́?"

"Ó wà o, Tíṣà. Àmọ́ kò fẹ́ fọwọ́ kan àwòrán yẹn mọ́. Ṣe ló ń jù wọ́n nù. Ṣé ẹ lè yà wá wò ó?"

"Háà, Màmá! Ọlidé ni òun náà ń ṣe. Kò séwu, màá yà."

Kò yà. Nígbà tó tún pè, ohùn aránṣọ ti yí padà. "Tíṣà, ó ti ń gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ o."

"Eyín ló ń yún un. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbójú sókè. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé orí àga yìí lẹ ti ń rí ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Fóònù kúkú wà."

"Ó dáa. Bí eyín bá ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí dókítà fi fóònù yọ ọ́."

Kò-séwu rẹ́rìn-ín títí, ó sì fa fáànù súnmọ́ra.

Nígbà tí àsìkò ìjábọ̀ tó, ó rántí pé ipò igbákejì ọ̀gá iléèwé ṣófo, òun sì ń wá a. Bó bá kọ ọ́ pé ọmọ ń padà sẹ́yìn, wọ́n á bi í pé kí ló ṣe sí i. Ló bá kọ ọ́ pé: "Ọmọ yìí ti tẹ̀ síwájú gan-an. Ó ń fi àwòrán sọ ohun tó fẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ọ́fíìsì yìn ín, wọ́n fún un ní ipò náà. Wọ́n sì gbé olùrànlọ́wọ́ ọmọ náà lọ síléèwé mìíràn.

Ọjọ́ tí iléèwé wọlé, ariwo kún kíláàsì. Ọmọ aránṣọ wá olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ títí, kò rí i. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ó sì gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó sáré dé tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Tíṣà, obìnrin tó máa ń jókòó tì í dà?"

"Wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn, Màmá."

"Ta ló ní kí wọ́n gbé e lọ?"

Kò-séwu ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ni, aránṣọ sì gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀gá kan bá aránṣọ padà wá láti ọ́fíìsì. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni. "Ìgbà wo lẹ bẹ ọmọ yìí wò kẹ́yìn?"

"Mo pè wọ́n, Ọ̀gá."

"Mi ò bi yín nípa ìpè."

Olùrànlọ́wọ́ náà ti wà lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn, wọn kò sì lè já a gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Inú bí ọ̀gá. "Ó dáa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jókòó tì í. Ìyà yín nìyẹn."

Aránṣọ bá dìde. "Rárá o, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kì í ṣe ìyà tí wọ́n ń fi jẹ èèyàn."

Ọ̀gá wolẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gba ipò igbákejì lọ́wọ́ Kò-séwu, wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, wọ́n fi í sínú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àti àga sí. Aránṣọ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀ kó lè wá jókòó ti ọmọ rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí Kò-séwu pàdé wọn lọ́nà, ó na ọwọ́ sí ọmọ náà, ọmọ náà sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí ọkùnrin náà fi fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tún bi í ní ohunkóhun nípa ọmọ kankan.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí níkàáwọ́, ẹ gbọ́ o. Kíláàsì ni ọlidé ń tì, kì í ti ohun tí ọmọ nílò. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹnu yín ló ń lò. Bí ẹ bá fi ẹnu náà purọ́, ẹ ti jà á lólè. Ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fojú yín rí i, ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí, bó tilẹ̀ máa dójú tì yín. Ẹ̀yin tó wà ní ọ́fíìsì náà, ẹ má kàn yin ìjábọ̀ nítorí pé ó dùn ún kà. Ẹ bi ìyá ọmọ léèrè. Kò tọ́ rárá kí ọmọ tí ayé ti le fún tẹ́lẹ̀ tún máa jìyà kí ara lè tu àgbàlagbà.