Ojú Tó Gbẹ

Ojú Akínfẹ́nwá gbẹ lọ́jọ́ tí Abdulmumin kú, gbogbo ilé iṣẹ́ ike wọn ní Ọgbà ló sì rí i. Abdulmumin wọ inú ẹ̀rọ tó ń lọ ike láti yọ èyí tó há, ẹnì kan sì ṣèèṣì tan án. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín. Akínfẹ́nwá, alábòójútó wọn, kò ráyè múra ọ̀rọ̀ ìdárò kankan.

Nígbà tí ipò mánéjà ṣí sílẹ̀, ọ̀gá àgbà pè é.

"Iṣẹ́ rẹ dáa, àmọ́ o ò láàánú. Mi ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sọ́wọ́ ẹni tí ìyà ẹlòmíì kì í dùn. Lọ kọ́ ọ. Mò ń wò ọ́."

"Màá kọ́ ọ, mà."

Akínfẹ́nwá kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ní Sátidé, ó ra búrẹ́dì, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé Jubril, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ní Ìfàkọ̀. Jubril wà lẹ́nu iṣẹ́. Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo kàn fẹ́ mọ irú èèyàn tí bàbá Kaothar jẹ́."

Ojú obìnrin náà là. "Àbí ẹ fẹ́ gbé wọn ga ni, sà?"

"Gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa gbọ́ orúkọ wọn."

Sùlíyá ò fi nǹkan kan pa mọ́. "Àwọn ni wọ́n ń dirun fún Kaothar. Ẹ wo orí ọmọ bí ẹrù igi! Síbẹ̀, kì í jẹ́ kí n tú u."

Akínfẹ́nwá ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ibi tí ohùn obìnrin náà bá ti gbọ̀n, ó ń fa ìlà sí i nídìí. Ó béèrè mọ́sálááṣí tí wọ́n ń lọ. Ó tọrọ fọ́tò Jubril tó mọ́ jù, wọ́n sì fún un ní ti Iléyá.

Kaothar wá fẹ̀yìn ti ìyá rẹ̀. Akínfẹ́nwá wo bí ìyá náà ṣe ń rọra fọwọ́ pa ọmọ lórí, lẹ́yìn náà lòun náà fọwọ́ pa á lórí bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ò láàánú," ni Sùlíyá wí. "Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ yín."

Akínfẹ́nwá padà sí ilé iṣẹ́ ní Ọgbà. Ó ka ìwé náà sókè níwájú dígí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó nujú, ó ki ìwé náà bọ àpò, ó lọ bá Jubril, ó ní, "Bàbá Kaothar, ike ti há sínú ẹ̀rọ yẹn, wọlé lọ yọ ọ́, mo ti pa iná," ó sì lọ gbé ìka lé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà.