Ọmọ Tí Ilé Kò Mọ̀

Wáyà ń jó nínú ògiri. Bí òfin tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ tó ń darí ilé ti wí, ilé gé iná mànàmáná, ó sì ń pè wọ́n síta: "Morádékẹ́, jáde. Ìyá Àgbà, ẹ jáde." Bí wọ́n ti bọ́ síta ni ilẹ̀kùn tì gbọin, kí iná má baà ráyè tàn.

"Ẹ ti pé," ni ilé wí.

Morádékẹ́ wo ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. "Màámi, ọmọ dà?"

"Yéè! Mo ṣebí ìwọ lo gbé e!"

Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n má dárúkọ ọmọ tuntun fún ilé, nítorí ọjọ́ ìkómọ kò tíì pé. Èéfín ti ń yọ lójú fèrèsé. Ìyá Àgbà fọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn.

"Ọmọ kù! Dúrójayé lorúkọ rẹ̀!"

"Dúrójayé, jáde," ni ilé wí. Ilẹ̀kùn ṣí.

Morádékẹ́ bọ́ sínú èéfín, ó ń tẹ̀ lé igbe ọmọ.