Kí Méjèèjì Bára Mu

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ yanjú ẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ nílé-iṣẹ́ mílíìkì ọmọ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ti ní àwọn máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwọn máa ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ ránṣẹ́. Bí wọn ò bá rí ẹ̀sùn kankan, mílíìkì náà á padà sórí àtẹ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá ti pa àwọn ẹ̀sùn náà rẹ́. Àmọ́ téèyàn bá tẹ "ìdin" sínú àpótí ìṣàwárí, ńṣe ni wọ́n ṣì ń tú jáde.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà," ni ó pe ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin náà kò bímọ rí. Nítorí pé òun nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Mo pa wọ́n, wọn ò kú. Irú òkú wo nìyẹn?"

Ọ̀gá ń jẹun lọ́wọ́. Ó fi èékánná yọ ẹran láàárín eyín, ó wò ó, ó dá a padà sẹ́nu.

"Ibo lẹ ti pa wọ́n rẹ́, sà?"

"Inú dátábéèsì. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Mo wọlé, mo fọwọ́ ara mi pa wọ́n rẹ́, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni."

Wàhálà ọ̀hún nìyẹn. Dátábéèsì ni ilé tí ọ̀rọ̀ ń gbé; atọ́ka tí àpótí ìṣàwárí ń lò ni ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń júwe ará ilé fún àlejò. Béèyàn bá gba ojú wẹ́ẹ̀bù pa nǹkan rẹ́, ètò tí wọ́n kọ síbẹ̀ á ta atọ́ka lólobó. Ẹ̀yìnkùlé ni Ọ̀gá gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún atọ́ka, torí náà odindi ọ̀rọ̀ tó ti há sórí tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń kà fáwọn èèyàn.

"Mo fẹ́ kí méjèèjì bára mu kí wọ́n tó dé," ni Ọ̀gá wí.

"Wọ́n á bára mu, sà."

Àǹtí Fóònù, tó ń gbé ìpè àwọn oníbàárà, wọlé pẹ̀lú agolo kan tí wọ́n dá padà. Ó ṣí i sórí tábìlì. Ìyẹ̀fun funfun inú ẹ̀ ń mí. Ó ń gbéra díẹ̀díẹ̀, ó ń rọlẹ̀, bí aṣọ tí ẹnì kan ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà fọwọ́ bo imú.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Ìdin yìí, kí ló jẹ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i? Mílíìkì nìkan. Kí ló wá dọ̀tí lára ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi ta láti ẹnu ẹ̀ sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó fi àga nu àtẹ́lẹwọ́, ó jáde.

Ìyá Kọ̀ǹpútà nu àwọn bọ́tìnnì náà títí tíṣù fi tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, láti ọsibítù.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ṣì ń bì. Omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Ọ̀gá yín sọ fún dókítà pé kò sẹ́ni tó fẹjọ́ mílíìkì òun sùn rí, pé bóyá èmi ni mi ò kì í fọ ìgò. Èmi tí mo ti kọ̀wé sí yín kí ọmọ mi tó dùbúlẹ̀! Àbúrò mi, bá mi wò ó, ṣé tèmi ṣì wà níbẹ̀?"

Ó wo inú dátábéèsì. "Kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pòṣé, ó pa fóònù.

Àǹtí Fóònù ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. "O ò ní ṣe iṣẹ́ yẹn, àbí?"

"Mo máa ṣe é."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Ọ̀gá ní kí méjèèjì bára mu. Wọn ò sì bára mu."

"Ìwọ náà ò yàtọ̀ sí nǹkan tó wà nínú agolo yìí. Ibi tó ti ń jẹ náà ló ń yàgbẹ́ sí." Ó tutọ́ sínú garawa ìdọ̀tí, ó gbé agolo ẹ̀, ó lọ.

Ìyá Kọ̀ǹpútà kọjú sí ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú atọ́ka sápá kan, bí àwọn oníṣẹ́ yìí ti máa ń ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Ó ṣiṣẹ́ nínú dátábéèsì fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọn atọ́ka dànù pátápátá, torí a kì í bu omi tuntun lé ògbólógbòó. Ẹni tó bá fẹ́ tún un kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfìfo.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá bá a. Ó na ìka ọlọ́ràá, ó tẹ "ìdin". Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ "ọmọ mi ń bì". Kò sí.

"Ó ti mọ́!" Ó lù ú léjìká, ọ̀rá dúró lára súwẹ́tà. "Àṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo bí kọ̀ǹpútà yìí!"

"Kò tíì parí, sà. Ó ku kí n tún fi ọ̀rọ̀ kún un."

"Ohun tó bá wà nínú dátábéèsì ni kó o fi kún un."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ ṣe, sà."

Ọ̀gá ti ń sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ àwọn alábẹ̀wò ti wọgbà. Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, ó bọ́ súwẹ́tà náà, ó lọ fọwọ́. Ó pẹ́ nídìí omi. Láti ibẹ̀ ó ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá: "Ẹ jókòó síbí, ẹ̀yin èèyàn ìjọba. Ẹ tẹ ohunkóhun tó bá wù yín. Ẹni tí ò jalè kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò."

Ní báyìí, méjèèjì ti bára mu: gbogbo ẹ̀sùn tí Ọ̀gá pa rẹ́ ti padà sínú dátábéèsì, nítorí láti inú atọ́ka ni Ìyá Kọ̀ǹpútà ti kó wọn padà síbẹ̀ kí ó tó gbọ̀n ọ́n dànù, alábẹ̀wò sì ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan lójú Ọ̀gá.