Kẹ̀kẹ́ Tí Ìyá Tòyíbàt Kò Gbọdọ̀ Rí

"Bàbá, ẹ rọra o!" Mahfuz tó ń ta kẹ̀kẹ́ ní Alabar ló pariwo bẹ́ẹ̀, bí bàbá aránṣọ ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ kẹta tó ń dán wò bọ̀.

Táyà kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń sáré lórí títì ọlọ́dà, ṣùgbọ́n ó rì sínú iyanrìn. Ti ìkejì ki pọ̀pọ̀. Lórí ọ̀dà, ńṣe ló dà bí ẹni ń ti ọlọ. Ẹ̀kẹta wà láàárín.

"Èyí ni mo fẹ́. Ọ̀nà ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, ìdajì ọ̀dà, ìdajì kòtò. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi débẹ̀ mọ́."

"Màṣáláhù! Inú ìyá á dùn."

"Kò gbọdọ̀ gbọ́! Ọjọ́ tí mo gbé e ṣubú sí gọ́tà ní Dichemso ló ti mú mi búra pé n kò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́."

Mahfuz rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì itẹ́ òkú. Ó fi kẹ̀kẹ́ pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ó gbọn eruku ẹ̀wù rẹ̀, ó sì rọra tiro wọlé lọ sídìí sàréè ìyàwó rẹ̀.

"Sàláámù aléékùn, Ìyá Tòyíbàt," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹsẹ̀ mà ni mo fi rìn wá o."