Ọ̀bọ Tó Ń Fajú Ro fún Fọ́tò

Ẹ tẹ́tí sí àlọ́ mi o. Ọgbà ẹranko ni àlọ́ náà yà sí, ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ ló sì jókòó sí.

Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àhámọ́ Ọ̀bọ àti ti Àgbọ̀nrín wà. Ọkàn Àgbọ̀nrín ń fà sí igbó, ṣùgbọ́n onítìjú ni, kò lè sọ ọ́. Ọ̀jẹun ni Ọ̀bọ ní tirẹ̀. Bí ó bá ti rí ẹni tó gbé kámẹ́rà, á di irin mú, á fajú ro bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àánú á ṣe onítọ̀hún, á sì ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kan, Mosúnmọ́lá ayafọ́tò ya Ọ̀bọ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò náà pa gbogbo ìlú lẹ́kún. Wọ́n kóra jọ, wọ́n bẹ olórí ọgbà títí ó fi ṣílẹ̀kùn fún Ọ̀bọ.

Mosúnmọ́lá ní, “Ó yá, jáde, a fẹ́ mú ọ padà sígbó.”

Ọ̀bọ rọ̀ mọ́ irin. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yóò máa fún mi lọ́gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀?”

Ni Àgbọ̀nrín bá forin sẹ́nu:

Ìyá onífọ́tò, ẹ bojú wẹ̀gbẹ́ —
*Tẹ́rẹ́nà*
Ọ̀bọ ò fẹ́ lọ, èmi ń fẹ́ lọ —
*Tẹ́rẹ́nà*
Ìtìjú ni ò jẹ́ n wí —
*Tẹ́rẹ́nà*

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín títí. Àgbọ̀nrín ni wọ́n gbé lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń tọ pọ́ún pọ́ún nínú igbó.

Láti ìgbà náà, bí Ọ̀bọ bá rí kámẹ́rà, eyín ló ń fín, kí wọ́n má baà tún wá tú u sílẹ̀. Àwọn àlejò á ní, “Inú eléyìí dùn, ó ti yó.” Wọ́n á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn jẹ níṣojú rẹ̀, wọ́n á sì máa lọ.

Àlọ́ mi dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ bi Àgbọ̀nrín nínú igbó.