Iṣẹ́ Tí Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìṣèlú Fún Jovita

Jovita ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì Kristẹni kan ní erékùṣù Negros.

Olùkọ́ ní kí kálukú lọ gbọ́ ìtàn ẹnì kan tí wọ́n pa nítorí òṣèlú, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Jovita mú ti àgbẹ̀ ìrèké kan tí àwọn sójà yìnbọn pa lógún ọdún sẹ́yìn.

Bàbá Jovita, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́, ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kọ̀wé nípa ìbò, ọmọ mi. Jẹ́ kí òkú sùn."

"Kí lẹ ń bẹ̀rù, Tatay?"

Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó jáde.

Ní Sátidé, Jovita wọ ọkọ̀ jípínì lọ sí abúlé náà.

Gbogbo ẹni tó béèrè ọ̀nà ilé opó àgbẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn ló ń wojú rẹ̀ títí, wọ́n á sì wọlé, wọ́n á tìlẹ̀kùn.

Ó bá opó náà níta. Obìnrin náà ti gbé àga méjì sílẹ̀, ó ti po kọfí.

"Jovita, jókòó."

Jovita ò tíì jókòó. "Nanay, ta ló sọ orúkọ mi fún yín?"

"Bàbá ẹ ni. Ó wá síbí lánàá, ó kúnlẹ̀ níbi tó ti yìnbọn pa ọkọ mi. Ó ní kí n sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ, òun ò lè fẹnu ara òun sọ ọ́."